Ṣé ikùn tó lágbára lè gba aláboyún lọ́wọ́ èébì?

Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ rí yóò rántí pé ìlú náà ni wọ́n ń pè ní Ajílété, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ẹ̀kọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn níbòmíràn fi ń la ẹnu láàárọ̀, nítorí pé ó fúyẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí oríkì yẹn ti wí, lè ti ojú oorun bọ́ sídìí ọkà kí ikùn rẹ̀ má sì ráhùn. Ìwúrí ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún wa, ó sì ti wọ inú bí a ṣe ń wo ìlera: ẹni tí ikùn rẹ̀ kì í kọ oúnjẹ, tí kì í bì nínú ọkọ̀, tí òórùn kì í rí lára, ni àwọn àgbà ń pè ní ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ìgbàgbọ́ yìí ló bí ìbéèrè kan tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún máa ń bi ara wọn bí wọ́n ti jókòó de nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìtọ́jú aláboyún. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí kì í tètè bì láti kékeré, ṣé oyún tún lè sọ mí di ẹni tí yóò máa sáré jáde lọ bì? Àwọn ìyá ọkọ pàápàá máa ń béèrè rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Wọn a ní ìyàwó tó jẹ́ akíkanjú tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí oyún oṣù méjì fi gbé e ṣánlẹ̀? Ìdáhùn tí ìmọ̀ ìṣègùn ní sí i lónìí, pàápàá láti ọdún 2023 wá, ṣe kedere ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: inú ikùn kọ́ ni èébì oyún ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ikùn tó lágbára kò lè ṣe asà fún aláboyún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan mí gbọ̀ngbọ̀n. Àbúrò mi obìnrin kan wà tí ó fẹ́ ọkọ sínú agboolé tí wọ́n ti ń ṣe láfún. Ẹni tó bá mọ bí omi ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń rùn lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú ìkòkò yóò mọ ohun tí mò ń wí. Síbẹ̀ àbúrò mi a máa ki ọwọ́ bọ inú omi náà, a máa fún ẹ̀gẹ́, a máa sá a sórí àpáta, kò sì ní bo imú rí. Nígbà tí oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òórùn kan náà di ohun tí kò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe ènìyàn búburú rárá, sọ fún un pé, "Ìyàwó mi, mú ara le o, ikùn tó ń gba ọkà láàárọ̀ kọ́ nìyí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ bì sẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà tí a fi mọ̀, omi lásán kò dúró nínú rẹ̀ mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n gan-an, a sì ní láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Orí bá wa ṣe é, òun àti ọmọ yè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikùn líle yẹn ló dá a dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́rin tí kò yẹ kí ó dúró.

Kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò tó. Nínú 100 aláboyún, nǹkan bí 70 sí 80 ni ìrìndọ̀ tàbí èébì ń bá fínra. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé ni, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn, a máa le jù láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá, ó sì máa ń lọ kúrò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́wàá ni ó máa ń bá rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òwúrọ̀ sọ àìsàn náà lórúkọ, orúkọ yẹn sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, títí kan àwa tí a kà á nínú ìwé wọn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí 160 obìnrin ní Kánádà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, àwọn tí ó jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan ni ó ń ṣe wọ́n kò tó méjì nínú 100. Nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn tí ìrìndọ̀ bá fínra ni ó bá ṣúlẹ̀. Èdè Yorùbá kò fi àkókò kankan de ọ̀rọ̀ náà. Oyún ń dà á láàmú ni à ń wí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, a sì tọ̀nà.

Bí èébì ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni ó yẹ kí a yé ara wa dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ikùn líle ti dà rú. Ikùn ni oúnjẹ ti ń jáde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikùn kọ́ ni ó ń pàṣẹ. Ìlù lásán ni ikùn jẹ́; ọpọlọ ni onílù. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ó ti fẹ́ so mọ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, apá kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Ìdènà líle tí ó ń ṣọ́ ìyókù ọpọlọ kúrò lọ́wọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò le níbẹ̀, kí ó lè ríṣẹ́ ṣe. Ìròyìn máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ibi tí ń pàṣẹ èébì gba ọ̀nà mélòó kan. Ọ̀kan ń ti inú ikùn àti ìfun wá, bí ìgbà tí a bá jẹ oúnjẹ tó ti bàjẹ́. Ọ̀kan ń ti inú etí wá, èyí tí í mú ènìyàn bì nínú ọkọ̀ tó ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Ọ̀kan ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, bí àwọn oògùn kan tí ènìyàn lò tí inú rẹ̀ fi dà rú, tó sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un, kò gbé nǹkan mì. Ẹni tí a ń pè ní oníkùn líle, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni a mọ̀ pé ó ti borí. Ọ̀nà inú ẹ̀jẹ̀ ni oyún máa ń gbà jù.

Kí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláboyún tí ọpọlọ fi ń ṣe bí ẹni pé ó rí májèlé? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, họ́mọ̀nù hCG ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, èyí tí àyẹ̀wò ìtọ̀ fi ń mọ̀ pé obìnrin ti lóyún. Ìdí wà fún un: ìgbà tí hCG ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni èébì máa ń le jù, bẹ́ẹ̀ ni aláboyún ìbejì, tí hCG tirẹ̀ pọ̀, sábà máa ń bì ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà ni họ́mọ̀nù mìíràn bọ́ sójútáyé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GDF15. Ní ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ rí ibi tí họ́mọ̀nù yìí ti ń kan ilẹ̀kùn nínú ara, inú apá ẹ̀yìn ọpọlọ tí mo sọ lókè yìí gan-an sì ni. Ní ọdún 2018, ìwádìí lórí jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a jogún, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin tọ́ka sí GDF15 gẹ́gẹ́ bí èyí tó ní ọwọ́ nínú èébì oyún tó le koko. Nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ kan jáde tí Marlena Fejzo ti Amẹ́ríkà àti Stephen O'Rahilly ti Yunifásítì Cambridge wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú GDF15 tó ń kún ẹ̀jẹ̀ aláboyún ń ti ọ̀dọ̀ ọlẹ̀ àti ibi ọmọ wá, àti pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó lẹ́nu àkókò náà ni ìrìndọ̀ máa ń pọ̀ sí.

Kì í ṣe ìwé nìkan ni Fejzo fi mọ ọ̀rọ̀ náà. Èébì oyún fi ìyà jẹ òun fúnra rẹ̀ débi pé kò lè jẹ, kò lè mu, oyún tó wà nínú rẹ̀ sì bọ́ ní ọdún 1999. Láti ìgbà náà ni ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ lépa ohun tó fà á. Mo gbà pé ìdí tí ìmọ̀ yìí fi pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa ni pé fún ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lágbára láti béèrè ni ó mọ bí ó ṣe ń rí lára.

Apá kan wà nínú àbájáde ọdún 2023 yẹn tí ó kan ìbéèrè wa tààrà, tí ó sì yí ọ̀rọ̀ ikùn líle po. Kì í ṣe bí GDF15 ṣe pọ̀ tó nínú oyún nìkan ni ó ń pinnu bí obìnrin yóò ṣe bì tó. Bí ara rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n tó kí ó tó lóyún wà lára rẹ̀. Gbogbo wa ni a ní i lára, ọkùnrin àti obìnrin, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ti ń fún ní ọbẹ̀ ata láti ìgbà tó já lẹ́nu ọmú, tí ata rodo kì í ṣe ohun bàbàrà lẹ́nu rẹ̀ mọ́, kí ẹ wá wo àlejò tí kò fi ata kan ahọ́n rí, tí a ṣàdédé gbé ọbẹ̀ kan náà fún. Ata náà kò yàtọ̀. Ẹnu ni ó yàtọ̀. Obìnrin tí GDF15 rẹ̀ kéré kí ó tó lóyún dà bí àlejò yẹn: nígbà tí ti ọmọ inú bá dé tìrìgbàngbà, ọpọlọ rẹ̀ á ta gìrì. Àwọn tí wọ́n ní ìyípadà kan tó ṣọ̀wọ́n nínú jíìnì náà, tó ń mú kí GDF15 wọn kéré, ni ewu èébì tó le koko wọn fi ó kéré tán ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní Síríláńkà ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thalassaemia, èyí tó máa ń mú kí GDF15 ga lára ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìrìndọ̀ nínú oyún.

Ẹ jẹ́ kí a ro ìyẹn dáadáa. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti sìgá mímu wà lára ohun tó máa ń gbé GDF15 sókè lára ènìyàn, nítorí náà obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kì í ṣàìsàn, lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ họ́mọ̀nù yìí dáadáa. Líle ara tí a fi ń ṣe ìwúrí kò ní ohun kan láti fi dá èébì oyún dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí fẹnu kan sìgá, nítorí ibi tó ń ṣe fún oyún àti fún ìyá kò ṣeé fi wé ìrìndọ̀ rárá.

Síbẹ̀, èmi kò fẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn àgbà kò ní òótọ́ kankan nínú. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń bì nínú ọkọ̀, àwọn tí ẹ̀fọ́rí túúlu máa ń dà láàmú, àti àwọn tí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró máa ń mú inú wọn ru, ni èébì oyún máa ń tètè mú. A lè yí i po kí a sọ pé ẹni tí kò sí nínú wọn ní ìrọ̀rùn díẹ̀. Ìrọ̀rùn díẹ̀ ni o, kì í ṣe ààbò. Bí àwọn 70 sí 80 nínú 100 bá ń rí i, ẹ lè fojú inú wo iye oníkùn líle tó wà nínú wọn. Ìrọ̀rùn náà pàápàá, bí ọpọlọ ẹni náà ṣe ń gba ìròyìn ni ó ti wá, kì í ṣe bí ikùn rẹ̀ ṣe ń lọ ọkà. Ìdílé tún ṣe pàtàkì gidigidi. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bì púpọ̀ nínú oyún yẹ kí ó múra sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ti rí èyí tó le koko rí nínú oyún kan lè tún rí i nínú òmíràn.

Ikùn náà kò sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Progesterone, họ́mọ̀nù mìíràn tí oyún ń mú pọ̀ sí i, máa ń mú kí ikùn àti ìfun rọ̀, kí oúnjẹ pẹ́ nínú ju bó ṣe yẹ lọ, kí omi kíkan sì máa gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó ti ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára ju ẹlòmíràn lọ. Gbogbo èyí ń kún èébì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni orísun rẹ̀.

Àwọn tí wọn kò bì rárá ńkọ́? Ẹ̀rù máa ń ba àwọn náà, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ pé oyún tí kì í mú ni bì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, lórí 797 obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára rí, fi hàn pé àwọn tí wọ́n rí ìrìndọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù oyún bí àwọn tí kò rí i. Àmì rere ni ìrìndọ̀ jẹ́ lápapọ̀, kí ẹni tó ń bì rí ìyẹn fi tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ni kò bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì gbé ọmọ láyọ̀, nítorí náà àìbì kì í ṣe ìròyìn búburú. Ti pé ọmọ tó bá mú ìyá bì púpọ̀ á jẹ́ obìnrin, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kéré ju ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ ra aṣọ ọmọ sílẹ̀ lọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìtìjú tí a fi ń kún ìyà. Àwọn òyìnbó pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn dókítà wọn kan gbà pé obìnrin tó ń bì púpọ̀ kò fẹ́ oyún náà nínú ọkàn rẹ̀ ni, tàbí pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni thalidomide dé, oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì lọ́dún 1957, tí àwọn aláboyún sì ń lò fún ìrìndọ̀, títí ìgbà tí wọ́n fi rí i pé ó ń mú kí wọ́n bí ọmọ tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 káàkiri àgbáyé ni ó ṣe bẹ́ẹ̀; oṣù Kọkànlá ọdún 1961 ni wọ́n tó kó o kúrò lórí àtẹ ní Jámánì. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù oògùn ti ń ba aláboyún àti dókítà. Oògùn kan tí kì í pa ọmọ inú lára, àpapọ̀ doxylamine àti fítámì B6, kúrò lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983 nítorí ẹjọ́ tí wọ́n ń pè é, nígbà tí ìwádìí sì ti dá a láre tán, ọdún 2013 ni ó tó padà. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn obìnrin fi fara da ohun tí oògùn wà fún. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣe iṣẹ́ kan náà: wọ́n á ní ó ń ṣe àṣejù, ó ń fi oyún ya ọ̀lẹ, ṣé òun ni àkọ́bí aláboyún ni? Obìnrin tí wọ́n mọ̀ sí akíkanjú ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn jù, òun náà ni ó sì máa ń pa á mọ́ra jù.

Ìpamọ́ra yìí léwu. Láti orí èyí tí kò tó ẹnì kan títí dé nǹkan bí mẹ́ta nínú 100 aláboyún ni èébì wọn máa ń kọjá ààlà, tí ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú dókítà. Àmì rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Bí omi lásán kò bá dúró nínú aláboyún láti àná di òní, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú tàbí tí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tó bá dìde, bí ó bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ó bá ti fọ́n kọjá ìdá márùn-ún nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn kílò mẹ́ta lára ẹni tó wọn 60 tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì ṣàì ní ibi tí a lè gbé e lọ. Láti ọdún 1907 ni iṣẹ́ ìṣègùn àwọn onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ nílùú náà, òun ni ó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen lónìí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti LAUTECH náà sì wà níbẹ̀.

Ibà tún wà, èyí tí ìwé àwọn òyìnbó lórí èébì oyún kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Ní ilẹ̀ ẹ̀fọn bíi tiwa, aláboyún tí ara rẹ̀ gbóná, tí òtútù ń mú, tó sì ń bì, kò gbọdọ̀ sọ pé oyún ni. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà kíákíá, nítorí pé ibà máa ń fojú aláboyún àti ọmọ inú rẹ̀ rí màbo. Bákan náà ni èébì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, nígbà tí kò sí tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wá ohun mìíràn tó lè fà á. Àti pé, mo bẹ̀ yín, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń ta oògùn lójú pópó fa omi sí aláboyún lára nílé. Ẹni tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fítámì B1 rẹ̀ lè ti gbẹ tán. Bí wọ́n bá fa omi oníṣúgà sí i lára láìkọ́kọ́ fún un ní fítámì náà, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà mọ ìyẹn, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ wọn tẹ̀lé ara wọn.

Fún èyí tí kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, ilé ni ìrànlọ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ebi máa ń mú ìrìndọ̀ le sí i, nítorí náà kí aláboyún máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó sì ní nǹkan gbígbẹ lẹ́bàá ibùsùn, bisikíìtì tàbí búrẹ́dì, tí yóò fẹnu kàn kí ó tó dìde. Iṣu sísè, ẹ̀kọ tó ti tutù, ohunkóhun tí òórùn rẹ̀ kò le, ni ó sàn ju ọbẹ̀ tí irú rẹ̀ ń ta sánsán lọ, kódà bí ọbẹ̀ náà bá jẹ́ ààyò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ó ya omi mímu sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ. Ata ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní jínjà, tí a sè mu díẹ̀díẹ̀, àti fítámì B6, wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2016 fún ìrìndọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Bí ìwọ̀nyí kò bá tó, àwọn oògùn wà tí dókítà lè kọ fún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún lè mú inú rẹ̀ ru sí i. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì dípò kí ó máa dà á nù ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè bá a yí i padà. Orógbó ni àwọn kan máa ń jẹ kí ẹnu wọn lè mọ́, àwọn mìíràn a máa jẹ amọ̀. Ti amọ̀ ni mo kórìíra, nítorí pé kì í jẹ́ kí ara gba èròjà tó ń fún ni lẹ́jẹ̀, wọ́n sì ti bá òjé nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ aláboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ọmọ inú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya apá ya ẹsẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ń ro ọ̀nà méjì wò lórí GDF15: kí wọ́n jẹ́ kí ara obìnrin mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lóyún, tàbí kí wọ́n dí ojú ọ̀nà tó ń gbà dé ọpọlọ nígbà tí oyún bá ti dé. Iṣẹ́ ṣì wà lórí méjèèjì kí ó tó di ohun tí a ń rí gbà ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí àbúrò mi lóyún kejì, a ti jọ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí èébì náà bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó gbogbo ìkòkò ẹ̀gẹ́ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe láfún títí oṣù kẹrin fi pé. Láràárọ̀, bí àbúrò mi bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, kì í béèrè bóyá ó ti jẹ ọkà mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ìyàwó mi, ìtọ̀ tí o tọ̀ láàárọ̀ yìí, ṣé ó mọ́?"